Ìgbọràn Kọ́ ni Ọ̀làjú: Alágídí Ẹ̀dá Nínú Ìtàn Kúkúrú

Irú ìtàn kan wà tí ẹni tí ó bá ti jókòó ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fún ìgbà díẹ̀, yálà ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́, yóò ti mọ òpin rẹ̀ kí olùkọ́ tó ṣí ojú-ìwé kejì. Baba àgbàlagbà kan ń gbé ní abúlé kan. Wọ́n ní kí ó gbẹ́ ṣáláńgá, ó kọ̀. Wọ́n ní kí ó jẹ́ kí wọ́n gún ọmọ rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó ní kò sí irú rẹ̀ láyé àwọn baba òun. Aya rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó kọ etí ikún sí gbogbo wọn. Nígbà tí ó yá, àìsàn wọ ilé, ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Òṣìṣẹ́ ìjọba tún padà wá, ó sọ gbólóhùn márùn-ún tàbí mẹ́fà, baba ṣí fìlà lórí, ó ní ojú òun ti là wàyí. Ìlù dún, abúlé jó. Ní ìsàlẹ̀ ojú-ìwé ni ìbéèrè wà: Ẹ̀kọ́ wo ni ìtàn yìí kọ́ wa?

Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ṣáláńgá kò dára, tàbí kí ó sẹ́ pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ ikú. Ohun tí ó yẹ kí aṣelámèyítọ́ bèèrè yàtọ̀ sí èyí: ǹjẹ́ ohun tí ìtàn náà sọ pé ó ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́? Ṣé ọkàn baba náà ṣí ni, àbí ẹ̀rù ni ó bà á? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ẹwà èdè nìkan. Ẹni tí ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní alẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ oko, lè jẹ́ ẹni ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ilé, ó ní ọmọ, ó mọ ọjọ́ tí ilẹ̀ tó gba àgbàdo. Òun gan-an ni baba inú ìtàn. Bí ìwé àkọ́kọ́ tí ó kà láyé rẹ̀ bá fi í ṣe òmùgọ̀, tí ó sì dójú tì í láàárín ojú-ìwé mẹ́rin, kò yẹ kí ó ya olùkọ́ lẹ́nu bí ìjókòó rẹ̀ bá ṣófo ní ọ̀sẹ̀ kẹta.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún ìdáhùn. Alágídí ni ẹni tí ó di ohun kan mú tí kò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Olóríkunkun ni ẹni tí orí rẹ̀ kò ṣeé tẹ̀ ba. Ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ láti fi kojú àwọn méjèèjì ni ìgbọràn. Ṣùgbọ́n etí ni iṣẹ́ ìgbọràn wà: ẹnìkan sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn gbọ́ ọ̀ràn, ó sì ṣe bí wọ́n ti wí. Ojú ni iṣẹ́ ọ̀làjú wà. Wọ́n lè la ènìyàn lójú, ṣùgbọ́n ojú ara rẹ̀ ni yóò fi ríran, kò sí ẹni tí yóò bá a rí i. Ọmọ tí ó gbọ́ràn lè má lajú rárá. Ẹni tí ojú rẹ̀ là sì lè bẹ̀rẹ̀ sí kọ ohun tí ó ti ń gbà tẹ́lẹ̀. Ìtàn oníṣáláńgá mú ìgbọràn, ó sì pè é ní ọ̀làjú. Àbùkù rẹ̀ gan-an nìyẹn, èdè dídán kò sì lè tún un ṣe.

Àwọn apàlọ́ kì í sábà ṣe irú àṣìṣe yìí. Ìjàpá, tí ó jẹ́ ọ̀gá gbogbo alágídí, kì í yí padà nínú ọ̀pọ̀ jùlọ àlọ́. Ó lọ sí ilé àna rẹ̀, ó jí oúnjẹ gbígbóná sínú fìlà, ó dé e, orí rẹ̀ bó. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú ní ọjọ́ kejì tí àlọ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀, Ìjàpá àná náà ni yóò tún jáde, bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe é. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé nígbà tí wọ́n bi í pé ìgbà wo ni yóò ti àjò bọ̀, èsì rẹ̀ ni pé ó di ìgbà tí òun bá tẹ́. Apàlọ́ kò fi ipá mú un ronú pìwà dà nítorí pé àwọn ọmọ tí ó jókòó yí i ká mọ̀ pé irọ́ ni yóò jẹ́.

Àlọ́ kan ṣoṣo nínú èyí tí ó gbajúmọ̀ ni ojú rẹ̀ ti là, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tí ń kọ ìwé fún àgbà fara balẹ̀ wò ó. Ìjàpá kó gbogbo ọgbọ́n ayé jọ sínú akèrègbè kan, ó fẹ́ lọ gbé e pamọ́ sórí igi gíga kí ó lè di tirẹ̀ nìkan. Ó so okùn mọ́ akèrègbè, ó fi kọ́ ọrùn, akèrègbè wá dùbúlẹ̀ sí àyà rẹ̀, láàárín ikùn rẹ̀ àti igi. Ó gùn ún, ó yọ̀. Ó tún gùn ún, ó tún yọ̀. Ẹnìkan ń kọjá lọ, Ìgbín nínú ẹ̀dà kan, ẹlòmíràn nínú ẹ̀dà mìíràn, ó wo ìyà náà títí, ó wá bèèrè ìdí tí kò fi gbé ẹrù náà kọ́ ẹ̀yìn. Ìjàpá gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ó sì rí i pé igi ṣeé gùn. Ìgbà náà ni ó tó mọ̀ pé ọgbọ́n kan wà lóde tí kò sí nínú akèrègbè òun. Inú bí i, ó là á mọ́lẹ̀, ọgbọ́n fọ́n ká gbogbo ayé. Ní ọ̀dọ̀ àwọn Àṣàǹtí ní Gánà, Anansi, aláǹtakùn, ni wọ́n ń pa àlọ́ yìí mọ́, Ntikuma ọmọ rẹ̀ ni ó sì tọ́ ọ sọ́nà, èyí tí ó mú kí ìtìjú náà wọ baba rẹ̀ lára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí ń kọjá kò wàásù. Ìbéèrè kan ni ó bi í, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kì bá ti sí ohun tí ìbéèrè náà lè ṣe bí kì í bá ṣe pé ikùn Ìjàpá fúnra rẹ̀ ti ń jẹ́rìí lòdì sí i láti àárọ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ sì là, kò jó, kò dúpẹ́; ó bínú. Òótọ́ tí ó wà nínú ìbínú yẹn pọ̀. Ẹni tí ó bá ti rí i pé ohun tí òun fi ń yangàn ṣófo kì í sábà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Bí ènìyàn bá fẹ́ rí i bí òǹkọ̀wé òde-òní ti ṣe irú iṣẹ́ kan náà, kò sí ìtàn tí ó yẹ ní wíwò ju èyí tí Raymond Carver, ará Amẹ́ríkà, pe àkọlé rẹ̀ ní "Cathedral", tí ó kọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn ní ọdún 1981, tí ó sì wá di orúkọ àkójọ ìtàn rẹ̀ ti ọdún 1983. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí ó jẹ́ ibùjókòó bíṣọ́ọ̀bù ni kàtídírà. Ọkùnrin tí ń sọ ìtàn náà kò ní orúkọ. Afọ́jú kan tí ń jẹ́ Robert, ọ̀rẹ́ aya rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ń bọ̀ wá sùn ní ilé wọn; ìyàwó Robert ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Ọkùnrin náà kò fẹ́ kí ó wá. Gbogbo ohun tí ó mọ̀ nípa afọ́jú, inú sinimá ni ó ti kọ́ ọ: wọ́n máa ń rọra rìn ni, wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín. Kò lu ẹnikẹ́ni, kò sì bú ẹnikẹ́ni ní gbangba. Agídí rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó jókòó sójú kan nínú ilé rẹ̀, tí ó ń mu ọtí, tí ó ń wo tẹlifíṣọ̀n, tí ó sì gbà pé ohun tí òun kò mọ̀ kò sí.

Carver kò yára. Ó jẹ́ kí àlejò náà dé, kí ó ní irùngbọ̀n, èyí tí olóhùn ìtàn kò retí. Ó jẹ́ kí wọ́n jẹun, kí ọkùnrin náà sì máa wo bí afọ́jú ti ń mọ ibi tí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan wà nínú àwo láìṣì í mú. Ìyanu kékeré ni, kò sì ju ìwọ̀n gbólóhùn díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni ògiri náà ti kọ́kọ́ sán. Lẹ́yìn náà aya rẹ̀ sùn lọ lórí àga. Ọkùnrin méjì ni ó kù, tẹlifíṣọ̀n sì ń fi àwòrán àwọn kàtídírà ilẹ̀ Yúróòpù hàn. Olóhùn ìtàn wá rò ó lójijì pé ẹni tí ó jókòó ti òun lè má mọ bí kàtídírà ti rí. Ó gbìyànjú láti ṣàpèjúwe rẹ̀: ó ga, òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Ojú rẹ̀ ríran, ó ń wo ilé náà lọ́wọ́, kò sì lè sọ ohun tí ó ń rí.

Robert kò bá a wí. Ó ní kí ó lọ wá pépà tí ó nípọn àti kálámù wá. Ọkùnrin náà rí àpò pépà ọjà kan tí èèpo àlùbọ́sà wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n dànù, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Afọ́jú gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí ó máa yà á. Ó ya ilé, ó ya òrùlé, ó ya fèrèsé, ọwọ́ afọ́jú ń bá ọwọ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó yá Robert ní kí ó di ojú. Ó di ojú, ó ń yà á lọ. Nígbà tí wọ́n ní kí ó wá lajú wò ó, kò là á. Ó fẹ́ wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i, nítorí pé inú ilé rẹ̀ ni ó wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ṣe é bí ẹni pé ohun kan sé òun mọ́.

Òǹkàwé tí èdè abínibí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá yóò rí ohun kan níhìn-ín tí òǹkọ̀wé náà kò lè ti rò: ọkùnrin yìí di ojú kí ojú rẹ̀ tó là. Ọ̀rọ̀ ọ̀làjú yí padà tán. Ẹni tí ojú ń là gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ojú tí ó ti ní tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ ná, kí ó sì jẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn gun ọwọ́ òun. Olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà mọ irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀; ó ti gbé ọwọ́ lé ọwọ́ àgbàlagbà tí ń kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ rí. Ohun tí ó lè má tíì rò ni pé nínú ìtàn yìí, ọwọ́ tí ó wà lókè ni ti ẹni tí kò ríran.

Àwọn kan lè ta kò ó pé Carver sọ afọ́jú di irinṣẹ́, pé ó mú un wá láti la alárìíran lójú, ó sì lé e lọ. Ìtakò náà kò wúwo tó bẹ́ẹ̀. Robert ní ìbànújẹ́ tirẹ̀, ó ní ìyàwó tí ó fẹ́ràn tí ó sì sin, ó ní iṣẹ́ tí ó ti ṣe, ó ní rédíò tí ó fi ń bá àwọn ẹni tí ó wà ní ilẹ̀ jíjìn sọ̀rọ̀. Ayé rẹ̀ fẹ̀ ju ti olóhùn ìtàn lọ fíìfíì. Ẹ̀wẹ̀, ìtàn náà kò sọ pé ọkùnrin náà di ènìyàn rere. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó lè tún bá aya rẹ̀ jà. Ìwọ̀n ohun tí Carver lè jẹ́rìí sí ni ó sọ: ní alẹ́ kan, fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú díẹ̀, ọkùnrin kan jáde kúrò nínú orí ara rẹ̀.

Ti Tolstoy gba ibòmíràn. Ìtàn "Ọ̀gá àti Ọmọ-Ọ̀dọ̀", tí ó jáde ní ọdún 1895, gùn díẹ̀ ju bí àwọn kan ti ń fẹ́ kí ìtàn kúkúrú gùn, ṣùgbọ́n kò sí alágídí tí ó pé bí Vasily Andreyevich Brekhunov. Oníṣòwò ni. Ó fẹ́ lọ ra igbó igi kan ní owó pọ́ọ́kú kí àwọn oníṣòwò ìlú tó dé ibẹ̀. Òjò dídì ń já, ìjì ń jà, ọ̀nà ti parẹ́; òun àti Nikita, ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì bá ara wọn ní abúlé kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kejì àwọn onílé fún wọn ní tíì, wọ́n ní kí wọ́n sùn di ọjọ́ kejì. Ó kọ̀. Nígbà tí òru mú wọn sí pápá, ó gun ẹṣin sá lọ, ó fi Nikita sílẹ̀ láti kú. Ẹṣin gbé e yí ká, ó sì tún gbé e padà sí ibi tí ó ti kúrò.

Níhìn-ín ni òǹkọ̀wé kékeré ìbá ti mú un kúnlẹ̀ kí ó jẹ́wọ́. Brekhunov dúró díẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, pẹ̀lú irú ìgboyà tí ó fi ń gba ọwọ́ ẹni tí ó bá ná ọjà tán pẹ̀lú rẹ̀, ó ká apá ẹ̀wù sókè, ó gbọn òjò dídì kúrò lára Nikita, ó tú ẹ̀wù onírun rẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ lé e lórí kí ara rẹ̀ lè mú un gbóná. Bí ó ti ń yangàn nípa òwò ni ó ń yangàn lórí Nikita. Agídí rẹ̀ kò lọ síbì kan. Ohun tí ó dojú kọ ni ó yí padà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkú ni wọ́n gbé e, Nikita sì yè, ó sì tún lo nǹkan bí ogún ọdún láyé. Àwọn tí ń kọ ìwé fún àgbẹ̀ lè jèrè púpọ̀ níbi èyí, nítorí pé agídí tí wọ́n ń fi baba abúlé ṣẹ̀sín fún ni ó mú kí ó dúró ti oko rẹ̀ ní ọdún tí òjò kò rọ̀. Bí wọ́n bá gba agídí náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni yóò kù tí yóò fi gbẹ́ kòtò?

Ti Scrooge, ahun inú ìtàn Kérésìmesì tí Charles Dickens kọ ní ọdún 1843, sún mọ́ ìtàn oníṣáláńgá ju bí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ti máa ń gbà lọ: iwin bẹ̀ ẹ́ wò, ó rí sàréè ara rẹ̀, ó yí padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ohun tí ó gbà á là ni pé iwin kìn-ín-ní kò dẹ́rù bà á; ó mú un padà lọ wo ìgbà tí ó wà ní ọmọdé, tí wọ́n fi í sílẹ̀ ní òun nìkan ní ilé-ẹ̀kọ́. Ó sunkún níbẹ̀. Ìyókù jẹ́ eré.

Èyí tí ó súnmọ́ àwọn òǹkàwé ìwé yìí jùlọ kò ní ìyípadà kankan nínú. Chinua Achebe tẹ ìtàn kúkúrú rẹ̀ "Dead Men's Path" jáde ní ọdún 1953, nígbà tí ó ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Ìbàdàn, ó sì wà nínú àkójọ *Girls at War* ti ọdún 1972. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949 ni wọ́n fi Michael Obi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Ndume ní ilẹ̀ Ìgbò. Ó ní ìtara, ó ka ìwé, ó kórìíra ohun àtijọ́. Ó fẹ́ kí ẹ̀kọ́ dára, ó sì fẹ́ kí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́wà. Òun àti aya rẹ̀ gbin òdòdó. Ní ọjọ́ kan ó rí arúgbó obìnrin kan tí ó ń la àárín òdòdó náà kọjá. Ipa-ọ̀nà kan wà níbẹ̀, tí kò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́, tí ó so ojúbọ abúlé pọ̀ mọ́ ibi tí wọ́n ń sin òkú sí. Alábòójútó láti ọ̀dọ̀ ìjọba ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Obi fi igi àti wáyà ẹlẹ́gùn-ún dí i.

Ẹni tí ó bá ti rí ẹnubodè Àkàbà Ìdénà ní Kétu kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún òun pé ọ̀nà lè ju ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lọ. Abọrẹ̀ àgbà abúlé náà mú ọ̀pá rẹ̀, ó wá bá Obi. Ó ṣàlàyé pé ọ̀nà náà ti wà kí a tó bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti kí a tó bí baba rẹ̀. Pé ibẹ̀ ni àwọn tí ó kú ń gbà lọ, ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá ń gbà wá, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ tí wọn yóò bí ń gbà wọ ayé. Obi gbọ́ ọ pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́. Ó ní iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni láti pa irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ rẹ́. Ó ní kí wọ́n la ọ̀nà mìíràn gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà, kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá wọn ṣe é, ó sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìrìn tí ó fi díẹ̀ gùn sí i kò lè jẹ́ ìnira fún àwọn òkú. Baba àgbà náà sọ pé òun kò ní ọ̀rọ̀ mọ́. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà obìnrin kan kú níbi tí ó ti ń rọbí. Wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ètùtù ńlá ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òdòdó ti di ìtẹ̀mọ́lẹ̀, wọ́n sì ti wó ọ̀kan nínú àwọn ilé ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ọjọ́ náà ni alábòójútó, òyìnbó, dé. Ohun tí ó kọ sílẹ̀ burú fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, kì í sì í ṣe nítorí ọgbà nìkan. Ó kọ nípa ìjà tí ń bẹ láàárín ilé-ẹ̀kọ́ àti abúlé, ó sì fi apá kan ẹ̀bi rẹ̀ lé ìtara òdì Obi lórí. Níbẹ̀ ni ìtàn pin.

Ó rọrùn láti ka ìtàn yìí bí ẹni pé abúlé ni ó jàre. Achebe kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó wó ilé-ẹ̀kọ́ ní òru kò ṣí ọkàn ju Obi lọ. Bákan náà, ọ̀nà mìíràn tí Obi dábàá kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ rárá. Bí wọ́n bá jọ jókòó, tí wọ́n sì bu omi sí i, ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọn ìbá parí sí. Ẹ̀rín ni ó ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Nínú ìjíròrò àwọn méjèèjì, ẹnìkan ṣoṣo ni ó gbà pé ẹlòmíràn lè ní ìdí: ó sọ ọ́ ní òwe, ó fi ẹyẹ méjì ṣe àpẹẹrẹ pé ààyè wà fún tọ̀tún tòsì. Arúgbó náà ni. Achebe sì gba ìtùnú lọ́wọ́ òǹkàwé: kò fi hàn bóyá Obi ka ìwé alábòójútó náà, bóyá ó sunkún tàbí ó tún fi wáyà dí ọ̀nà. Ọkàn tí yóò ṣí, bí ọ̀kan yóò bá ṣí, ti ẹni tí ó mú ìwé lọ́wọ́ ni.

Nítorí èyí ni ìtàn yìí fi ṣòro láti túmọ̀ sí èdè Nàgó fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà, tí ó sì fi yẹ ní títúmọ̀. Atúmọ̀ yóò kọ́kọ́ pàdé ọ̀rọ̀ tí yóò fi pe Obi. Ọ̀làjú ni, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń lo ọ̀rọ̀ náà ní gbogbo ìlú: ó ka ìwé, ó wọ aṣọ òde-òní, aya rẹ̀ ń fẹ́ kí ilé rí bí ti inú ìwé ìròyìn. Bí atúmọ̀ bá sá fún ọ̀rọ̀ náà, tí ó pè é ní agbéraga, ó ti dájọ́ kí òǹkàwé tó dájọ́, ìtàn náà sì ti di ìtàn oníṣáláńgá, àfi pé ó yí orí padà. Kí ó pè é ní ọ̀làjú, kí ó má fi ohùn kankan sí i, kí ó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa dùn lọ́nà mìíràn bí ojú-ìwé ti ń ṣí. Ìbéèrè ìsàlẹ̀ ojú-ìwé pẹ̀lú ní láti yí padà. Bí wọ́n bá bi kíláàsì pé ẹ̀kọ́ wo ni ìtàn náà kọ́ wọn, ìdáhùn kan ni yóò wá, èyí tí wọ́n rò pé olùkọ́ ń fẹ́. Bí wọ́n bá bi wọ́n pé ibo ni ọ̀nà náà ìbá gbà bí àwọn bá wà níbẹ̀, àríyànjiyàn yóò dé, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ yóò sì sọ̀rọ̀.

Ó kù baba oníṣáláńgá. Kò sí ìdí tí wọn yóò fi lé e kúrò nínú ìwé. Ṣáláńgá ṣì yẹ ní gbígbẹ́. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá níbi tí wọ́n ti ń sin àgbà sí inú ilé àti sí àyíká ilé, ẹni tí ó bá ní kí àgbàlagbà kan gbẹ́ kòtò sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ náà. Bóyá ibi tí òṣìṣẹ́ ìjọba fi ọ̀pá sàmì sí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ sí ojú oórì ìyá baba náà. Bóyá ó ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ní apá ìsàlẹ̀, ni ó dára jù, tí kò sì sí ẹni tí ó bi í. Òǹkọ̀wé tí ó bá jẹ́ kí ó sọ ọ́ yóò nílò ju ojú-ìwé mẹ́rin lọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba pẹ̀lú yóò ní láti fa ọ̀pá rẹ̀ tu, kí ó tẹ̀ lé baba náà lọ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀.